Okun Tí Ìsípẹ́kítọ̀ Kò Dáhùn

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọkùnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá mi, tó jókòó, tó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n má fi iyọ̀ sí i, kí n má sì bù kúrò níbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín dáadáa, torí òun náà ti rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dun òun. Ṣùgbọ́n ìtìjú ló kọ́kọ́ dé kí ẹ̀rín tó dé.

Thomas Ìbítóyè lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsánlú, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ti lo ọdún méjìdínlógún lẹ́nu iṣẹ́, tó sì ti di Ìsípẹ́kítọ̀. Àgọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ wà lápá Kábbà. Ẹ má bi mí léyìí tó jẹ́.

Ìbítóyè kì í gba rìbá. Kì í na afurasí. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: kò ní sùúrù fún ọ̀rọ̀ gígùn. Bó bá ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò, tónítọ̀hún sì bẹ̀rẹ̀ látorí bí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe dé ìlú, kíá ni yóò gbọ́wọ́ sókè: "Ohun tí mo bi ọ́ ni kó o dá mi lóhùn." Àwọn ọlọ́pàá kéékèèké àgọ́ náà ti sọ gbólóhùn yẹn di orúkọ fún un. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀gá Ohun-Tí-Mo-Bi-Ọ́ ni wọ́n ń pè é.

Ẹjọ́ tó kó bá a, ẹjọ́ àgbò ni.

Àlhájì Bọ́ládé, ará Ògìdì, ní àgbò kan tó ń sìn de Iléyá. Sẹ́nétọ̀ ló sọ ọ́. Ẹ bi í pé kí ló dé, ó ní torí pé ó ń jẹ, ó ń sanra, kò sì sóhun tó ń ṣe fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Àlhájì ti ìsìnkú dé, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó rí èèkàn, ó rí àjákù okùn lára èèkàn, kò rí Sẹ́nétọ̀. Igbe tó ké, wọ́n ní àpáta Ògìdì dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ Ajé, Ìbítóyè gun alùpùpù rẹ̀, ó dé Ògìdì. Ó tú okùn lára èèkàn, ó jù ú sínú ọ̀rá láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni méje ni wọ́n, oòrùn sì ń ta bí ata. Nígbà tó máa fi kan ẹni keje, Rachel ìyàwó rẹ̀ ti pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì pé iyán ti délẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iyán ilẹ̀ wa, ẹ mọ̀ pé iyán kì í dúró de Ìsípẹ́kítọ̀.

Ẹni keje yìí ni Ìyá Sarah, àgbàlagbà obìnrin tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Àlhájì.

"Okun o, ọmọ mi," màmá náà kí i bí a ti ń kíra wa lápá ibí. "Ẹ kú oòrùn. Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ò ṣàìsàn?"

Ìbítóyè kò dáhùn. Ó ń wá ojú ewé tó mọ́ nínú fáìlì rẹ̀.

"Ìyá, lọ́jọ́ Sátidé, ta lẹ rí tó wọ àgbàlá Àlhájì?"

"Ọ̀rọ̀ àgbò yẹn, ọmọ mi, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Láti oṣù méjì sẹ́yìn ni àgbò yẹn ti ń jẹ èlùbọ́ tí mo bá sá sórí àpáta, ìdí nìyẹn tí èmi àti Àlhájì kò fi..."

"Ìyá, ohun tí mo bi yín ni kí ẹ dá mi lóhùn. Ta ló wọlé?"

Màmá náà wò ó láti òkè délẹ̀. Ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Ó dáa. Destiny ló wọlé, ọmọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Ó ní okun. Ó kọjá sẹ́yìnkùlé. Kò pẹ́, ó jáde, ó lọ."

Bírò Ìbítóyè ń sáré lórí ìwé: *Destiny wole. O ni okun. O koja seyinkule. Ko pe, o jade, o lo.* Kò fi àmì ohùn ẹyọ kan sí i. Ta ní í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nígbà tí iyán ń tutù?

"Ẹlòmíràn wọlé bí?"

"Èèyàn? Rárá o. Àmọ́ mọ́tò kan..."

"Ìyá, mi ò bi yín nípa mọ́tò. Ẹ tẹ̀ka síbí."

Màmá tẹ̀ka. Iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní òfin kan tí wọ́n ń fi kọ́ ọmọ titun lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ohun tó o bá kọ láti ẹnu ẹlẹ́rìí, kà á padà fún un, kó gbọ́, kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kó tó tẹ̀ka. Ìbítóyè mọ òfin yìí. Òun gan-an ló ń kọ́ àwọn ọmọ titun. Lọ́jọ́ yẹn, ó ta alùpùpù nípàá, ó di ilé, ó di ìdí iyán.

Ọjọ́rú ló tó tún ṣí fáìlì. DPO, ọ̀gá àgọ́ náà, obìnrin ọmọ Núpé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì ní Kábbà, kò sì gbọ́ Yorùbá rárá. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ ní Yorùbá, dandan ni kí wọ́n tú u sí Gẹ̀ẹ́sì fún un. Ìbítóyè ń tú u lọ, ó ń yán, ó ń tú u lọ. Ó dé orí ọ̀rọ̀ Ìyá Sarah.

*O ni okun.*

Ó dáwọ́ dúró. Àjákù okùn lára èèkàn. Àgbò tí wọ́n fà lọ. Ọkùnrin tó wọ ẹ̀yìnkùlé. Okùn!

"Ọwọ́ ti bà á!" ó pariwo, ó fi ọwọ́ gbá tábìlì, tíì tó wà nínú kọ́ọ̀pù dà sílẹ̀. Ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì gbàgàdà pé Destiny gbé okùn wọlé.

Ẹ̀yin òǹkàwé ti rí i, àbí? Èmi náà rí i nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Ọmọ Ìsánlú tó jẹ́ pé okun ni wọ́n fi kí i káàbọ̀ sáyé, òun ló gbàgbé pé àwa ará ibí kì í wọlé ẹnikẹ́ni láì ní okun lẹ́nu.

DPO ka Gẹ̀ẹ́sì náà, ó mi orí. "Ìbítóyè, iṣẹ́ rẹ dára. Orúkọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Lọ́kọ́ja fún ìgbéga lọ́dún yìí. Mo rò pé mo ti mọ ẹni tó jẹ́."

Ọdún mẹ́fà ni Ìbítóyè ti ń retí ìgbéga yìí. Ó ní nígbà tóun jáde nínú ọ́fíìsì náà, ṣe ni èjìká òun ń yún òun, níbi tí wọ́n máa fi ìràwọ̀ sí.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ó bá Destiny ní Ìyámoyè, tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ ìlọta kan, epo ti kùn ún lójú.

"Ha! Okun o, Ìsípẹ́kítọ̀! Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ilé ńkọ́? Àwọn tá a fi sílẹ̀ nílé ńkọ́?"

Bí Destiny ṣe rí nìyẹn. Kì í kọjá lẹ́nu ọ̀nà láì kí onílé, bí kò bá sì sí onílé, á kí adìẹ. Ìbítóyè kò dáhùn.

"Wọ́n ní okùn wà lọ́wọ́ rẹ nígbà tó o wọ ilé Àlhájì Bọ́ládé lọ́jọ́ Sátidé."

"Okùn?" Destiny fa àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sún mọ́ra. "Mo ní okùn o. Òun nìyí. Òun ni mo fi ń de ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Kò sọ́jọ́ tí kì í bá mi rìn. Ẹ̀rọ ìlọta wọn ni mo lọ wò lẹ́yìnkùlé, mi ò bá ẹnì kankan nílé, ni mo bá padà."

Ìbítóyè wo okùn, inú rẹ̀ dùn dé àtàǹpàkò. Afurasí tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀rí jáde! Ó ní kó dìde, àgọ́ yá.

"Ọ̀gá, ẹ dákun." Ẹ̀rín ti kúrò lójú Destiny báyìí. "Ọ̀túnla ni àwọn ẹbí mi ń lọ sí Ìyàrá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, èmi àti Rejoice. Bàbá rẹ̀ kò tíì fẹ́ràn mi. Ó ní òun kò mọ ibi tí òun máa bá ẹni tó ń gbé ilé ayé lórí alùpùpù. Ọdún kan gbáko ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Tó bá gbọ́ pé wọ́n tì mí mọ́lé nítorí àgbò, ó parí nìyẹn. Kò ní í fọmọ fún olè."

"Kó o tó wọ ilé onílé ló yẹ kó o ti rò ó," Ìbítóyè dá a lóhùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìsípẹ́kítọ̀ jókòó níwájú ilé rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó ń fi ìtẹ́lọ́rùn wo èjìká rẹ̀. Fóònù dún. Ìyá rẹ̀ ni, láti Ìsánlú.

"Okun o, Tọ́másì."

"Okun, ìyá mi."

"Mo kàn ní kí n pè ọ́ ni. Mo bá ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ó ní okun, mo ní okun, bí iná fóònù tiẹ̀ ṣe kú nìyẹn. Tọ́másì? Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

Tọ́másì ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. *Ó ní okun, mo ní okun.* Ó rí ojú Ìyá Sarah, ó gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Màmá náà kò dárúkọ okùn rárá. Ọmọkùnrin náà wọlé, ó kí i. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Níbi tí Ìbítóyè bá ọ̀rọ̀ dé yìí, ó ní kí n fún òun lómi. Lẹ́yìn tó mu ún tán, ó ní àṣìṣe ni gbogbo ohun tóun ṣe títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Ohun tó ṣe láàárọ̀ Ẹtì kì í ṣe àṣìṣe.

Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Kó wọlé tọ DPO, kó ní, "Ọ̀gá, mo ti ṣì í tú." Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe wọ àgọ́ báyìí, DPO pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Lọ́kọ́ja. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Èṣù ọkàn rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù: ṣebí okùn wà nínú àpò rẹ̀ lóòótọ́? Ṣebí ó wọ ẹ̀yìnkùlé lóòótọ́? Bóyá òun náà ló jí i. Fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé, kí ọ̀rọ̀ ìgbéga jókòó ná.

Ó kọjá níwájú àtìmọ́lé.

"Okun o, Ìsípẹ́kítọ̀," Destiny kí i láàárín irin. "Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Kò dáhùn. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe àìnísùúrù ni. Ojú ló ń tì í.

Ibi tó rò pé ó ti bọ́ ni wàhálà ti dé. DPO ní òun fẹ́ fetí ara òun gbọ́ ẹlẹ́rìí kí fáìlì tó lọ sí kóòtù. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Sarah àti Àlhájì. Àwọn méjèèjì dé, ṣùgbọ́n wọn kì í kí ara wọn láti ọjọ́ ìjà èlùbọ́, wọn ò sì gbà láti jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Àlhájì lọ dúró sábẹ́ igi máńgòrò níta. Ìyá Sarah wọlé lóun nìkan.

Ta ni yóò túmọ̀ fún DPO? Ìbítóyè náà ni.

"Bi í léèrè," DPO ní, "báwo ni okùn náà ṣe gùn tó?"

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Ó tẹjú mọ́ Ìyá Sarah, ó fi pẹ̀lẹ́ pe ohùn rẹ̀ bó ṣe yẹ kó pè é, ó ní: "Ìyá, ẹ ní Destiny ní okun. Ọ̀gá wa ní, ṣé ó gùn?"

Ojú màmá náà tàn. Ẹnìkan bi í ní ìbéèrè gidi nígbẹ̀yìn.

"Ó gùn kẹ̀! Ṣé okun Destiny kì í ṣe èyí tó máa ń gùn jù nílùú? Ó kí mi, ó kí Sarah ọmọ mi tó wà ní Mọ́pà, ó kí ẹsẹ̀ tó ń dùn mí."

Ìbítóyè yíjú sí DPO. "Ó ní ó gùn gan-an, mà. Ó ní kò sí èyí tó gùn tó o nílùú."

DPO kọ ọ́ sílẹ̀.

"Kí lòun náà ṣe nígbà tó rí i?"

"Ìyá, kí lẹ̀yin náà wá ṣe?"

"Kí ni mi ò bá ṣe? Èmi náà ní okun."

Kò sí bí Ìbítóyè ṣe máa yí èyí. Bó bá tú u, màmá náà di ẹgbẹ́ olè. Bí kò bá tú u, ọ̀gá ń wò ó lẹ́nu.

"Kí ló wí?" DPO bèèrè.

"Ó ní... ó ní òun dákẹ́ jẹ́ẹ́."

Àsìkò yẹn gan-an ni ìlẹ̀kùn ṣí. Rejoice, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìyàrá, ìyàwó àfẹ́sọ́nà Destiny, ló wọlé pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ tí wọ́n fi aṣọ dì. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Síbẹ̀ ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Okun gbogbo yín o."

"Okun, ọmọ mi," Ìyá Sarah dá a lóhùn.

"Okun o," ni ẹnu Ìbítóyè náà sọ, kí orí rẹ̀ tó lè dá a dúró.

DPO gbé bírò kalẹ̀. Ó wo Rejoice. Ó wo Ìyá Sarah. Ó wo Ìsípẹ́kítọ̀ rẹ̀ pẹ́.

"Ìbítóyè, ọ̀rọ̀ tó o tú sí okùn yìí, láti ọjọ́ tí mo ti dé ni gbogbo èèyàn ti ń sọ ọ́ sí mi. Ẹlẹ́ran sọ ọ́ sí mi. Pásítọ̀ sọ ọ́ sí mi. Ṣé okùn ni gbogbo wọn fẹ́ fi dè mí?"

Rejoice ló dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, bó ṣe ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

"Ìkíni wa ni, mà. Okun ni a fi ń kí ara wa. Okùn tí wọ́n fi ń de ẹran yàtọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ ní ìparí. Bí a kò bá fi àmì sí i, ọ̀kan náà ni wọ́n rí lójú ìwé."

DPO fa fáìlì sọ́dọ̀, ó fi ìka tọ́ka sí *O ni okun* tí Ìbítóyè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

"Kí ni màmá yìí sọ fún ọ lọ́jọ́ Ajé?"

"Ó ní Destiny kí òun, mà."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

Ó ní òun ì bá parọ́. Irọ́ náà ti dé orí ahọ́n: "Báyìí ni." Àmọ́ Rejoice ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, abọ́ oúnjẹ Destiny sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Láti ìrọ̀lẹ́ àná, mà. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Nítorí ìgbéga ni."

Ohun tí DPO sọ fún un lẹ́yìn náà, Ìbítóyè ní kí n fò ó. Mo ti fò ó. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé àwọn tó wà lábẹ́ igi máńgòrò gbọ́ gbogbo rẹ̀, àti pé ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ló tẹ Lọ́kọ́ja láago pé kí wọ́n pa orúkọ kan rẹ́.

Wọ́n ṣí àtìmọ́lé. Destiny jáde, ó ń fi ọwọ́ gbo ojú. Wọ́n pe Àlhájì wọlé.

"Bí kì í bá ṣe Destiny," Àlhájì figbe ta, "Sẹ́nétọ̀ mi dà?"

"Ó wọ mọ́tò," Ìyá Sarah sọ ọ́ wẹ́rẹ́, kò tiẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí Àlhájì wà.

Gbogbo ojú yí sí i.

"Mọ́tò wo, Ìyá?" Ìbítóyè bèèrè, ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọ ilé ìwé.

"Mọ́tò akẹ́rù tó dúró lẹ́bàá àpáta, tó kó àpò àgbàdo. Àgbò fi eyín já okùn rẹ̀, ó fò sẹ́yìn mọ́tò, ó ń jẹ àgbàdo, awakọ̀ kò wẹ̀yìn, ó wa mọ́tò lọ. Wọ́n ní ọjà Odò-Ẹrẹ̀ ló ń lọ. Ojú mi báyìí ló ṣe."

"Ìyá! Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Mo fẹ́ sọ ọ́. O ní o ò bi mí nípa mọ́tò. O ní ohun tó o bi mí ni kí n dáhùn. Mo dáhùn."

"Èmi ńkọ́?" Àlhájì ti fẹ́ ya aṣọ ara rẹ̀. "Aládùúgbò mi! Ẹ rí ẹran mi tó ń wọ mọ́tò lọ, ẹ ò lè pè mí?"

"Ìwọ lo ní kí n má bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Mo pa àṣẹ rẹ mọ́."

DPO ní kí wọ́n túmọ̀ fún òun. Rejoice ló tú u. Ní àárín rẹ̀, ọ̀gá náà yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Wọ́n mú okùn inú ọ̀rá jáde, wọ́n wò ó dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹnu rẹ̀ ti já wúruwùru, itọ́ àgbò ti gbẹ sí i. Ọmọ ọdún méje ì bá mọ̀ pé ọ̀bẹ kọ́ ló gé e.

Ìbítóyè fúnra rẹ̀ ló tẹ aago sí àgọ́ kékeré kan lọ́nà Odò-Ẹrẹ̀, ohun tó yẹ kó ti ṣe láti ọjọ́ Ajé.

"Àgbò?" ọlọ́pàá tó gbé e ní òdìkejì figbe ta. "Àgbò ńlá, tó ní funfun níwájú orí? Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun ẹ wá gbé e! Ọjọ́ kẹfà rẹ̀ nìyí lọ́dọ̀ wa. Awakọ̀ kan ló fà á wá pé òun bá a lórí ẹrù òun. Ó ti jẹ ìwé ẹ̀sùn mẹ́ta."

Àtìmọ́lé ni Sẹ́nétọ̀ náà wà.

Ẹ̀rín tó ta nínú àgọ́ náà kò ṣe é fẹnu sọ. Àlhájì ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Sarah, ó ní òun máa san gbogbo èlùbọ́ náà padà. Màmá ní kó kọ́kọ́ kí òun ná. Ó ní okun. Màmá ní okun. Oṣù méjì ìjà sì tán.

Destiny àti Rejoice nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá mi ti gbọ́," Rejoice sọ fún Ìbítóyè. Kò pariwo. "Gbogbo Ìyàrá ti gbọ́ láti àná pé Destiny jí àgbò. Ẹ ti dá a sílẹ̀ lóòótọ́. Ta ni yóò wá dá orúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Bàbá mi ní àfi bí ẹni tó tì í mọ́lé bá fi ẹnu ara rẹ̀ wá sọ ọ́ níwájú ẹbí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n má yọjú lọ́la."

Ìsípẹ́kítọ̀ ọdún méjìdínlógún, kó lọ máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ níwájú àna ẹlòmíràn! Rachel ìyàwó rẹ̀ ní kó rọra kọ lẹ́tà ránṣẹ́. Ó kọ̀. Ó ní ìwé ló kó bá òun, ìwé kò ní gba òun là.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ gbinrin, ó wọ̀ ọ́. Èjìká rẹ̀ wà bó ṣe wà, kò sí ìràwọ̀ tuntun. Ó bá ẹbí Destiny lọ sí Ìyàrá, òun ló gbẹ́yìn. Yàrá àlejò kún fọ́fọ́: àwọn tó jẹ́ ọmọ ìjọ lápá kan, àwọn tó ń lọ Jímọ́ọ̀ lápá kejì, gbogbo wọn ẹbí kan. Bàbá Rejoice jókòó sáàárín, ó fọwọ́ lẹ́rán.

Ìbítóyè dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Okun o, ẹ̀yin bàbá. Okun o, ẹ̀yin ìyá."

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ó ní ọdún méjìdínlógún tóun ti fi ń ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, wọ́n ti yọ àdá sí òun, wọ́n ti ju òkò lu òun. Kò sí èyí tó dun òun tó ìkíni tí kò lóhùn yẹn. Ó rántí Ìyá Sarah. Ó rántí Destiny lábẹ́ ẹ̀rọ, àti Destiny láàárín irin. Lórí ilẹ̀ níbẹ̀, ó rò ó fún wọn tán. Ó ro gbogbo rẹ̀: iyán, fáìlì, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìgbéga. Ó ní olè kọ́ ni ọmọ yìí, òun lòun jí orúkọ rẹ̀, òun sì ti gbé e padà wá. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, kò dìde.

Bàbá Rejoice kò mira.

Lẹ́yìn náà, láti ibi tí ẹbí ọkọ ìyàwó jókòó sí, ẹnìkan dìde. Aṣọ funfun ló wọ̀, ṣùgbọ́n epo ẹ̀rọ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó rìn dé iwájú, ó di ọlọ́pàá náà mú lápá, ó gbé e dìde.

"Okun, Ìsípẹ́kítọ̀," Destiny ní. "Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ò ṣàìsàn?"

Ìbítóyè dá gbogbo rẹ̀ lóhùn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò kánjú.

Bàbá Rejoice wò wọ́n, ó mí kanlẹ̀. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ọmọ tó lè kí ẹni tó tì í mọ́lé báyìí," ó ní, "ẹ gbé àga fún un sí ẹ̀gbẹ́ mi níbí."